Ọjọ́ Ọjà Nínú Rẹ́jísítà

Ẹgba mẹ́fà ni mo nà án. Nígbà tí mo ní kó tẹ́wọ́, ọwọ́ ọ̀tún ló nà sí mi. Mo rí i pé àtẹ́lẹwọ́ náà ti le, ìdí àwọn ìka rẹ̀ ti yi, bí ọwọ́ ìyá àgbà tó ti fi àkúfọ́ igbá yan gàárì fún ogún ọdún. Mo rí i, mi ò sì bi í léèrè. Ẹgba tó wà lọ́wọ́ mi ni mo gbájú mọ́. Ọmọ SS2 ni, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀ kò sì ju pé ó ń pa ilé ìwé jẹ lọ. Kò sunkún. Ó ní, "Ẹ ṣé, sà," bí a ṣe kọ́ wọn láti máa sọ lẹ́yìn ẹgba, ó sì padà sórí ìlà.

Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta báyìí tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi. Mo fẹ́ sọ ọ́ lónìí, nítorí ohun tí mo rí lẹ́yìn ẹgba yẹn ló yí ojú tí mo fi ń wo iṣẹ́ mi padà. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń pariwo pé ọmọ ìsinsìnyí kò kàwé mọ́ ni kò tíì rí i.

Ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú ni ilé ìwé wa wà, lápá Ògbèrè, lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti yà kúrò lójú títì márosẹ̀ tó gba Ṣàgámù lọ sí Benin. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ ọmọ náà. Wọn ò rán mi níṣẹ́. Ọmọ Rẹ́mọ ni èmi, Ìṣarà ni mo dàgbà sí. Ìṣirò ni mo ń kọ́ wọn, àti Físíìsì, láti ìgbà tí ẹni tó ń kọ́ ọ ti fẹ̀yìn tì. Ilé ìwé náà wà lára àwọn tí wọ́n kọ́ lásìkò tí ìjọba ẹgbẹ́ òṣèlú UPN, lábẹ́ Olóyè Bísí Ọnàbánjọ, sọ ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ògùn lẹ́yìn ìdìbò ọdún 1979. Àwọn bàbá ìlú fi ilẹ̀ sílẹ̀, àwọn ìyá ru iyanrìn láti odò. Ìyá arúgbó kan ṣì wà tó máa ń dúró lẹ́bàá ọgbà wa, tó ń fi ọwọ́ tọ́ka sí yàrá kan fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ pé, "Orí mi nìyẹn. Orí mi ni wọ́n fi kọ́ ọ." Mo fẹ́ràn ìyá yẹn púpọ̀. Kò mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọyì ilé ìwé tó o ní gbogbo agbègbè náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo na ọmọ náà, mo gun ọ̀kadà lọ sí ilé wọn láti fẹjọ́ rẹ̀ sun ìyá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti kú. Kìlómítà mẹ́rin ni láti ilé ìwé, ẹsẹ̀ ni ọmọ náà sì fi ń rìn ín lójoojúmọ́. Kí n tó débẹ̀ ni èéfín ti wá pàdé mi. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí Ìjẹ̀bú mọ òórùn yẹn, òórùn ẹ̀gẹ́ tó ti kan tó wá bá iná pàdé. Gàárì Ìjẹ̀bú kì í ṣe gàárì ìkánjú. Wọ́n á bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á rù ú lọ sídìí ẹ̀rọ, wọ́n á rọ ọ́ sínú àpò, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, ìgbà mìíràn márùn-ún, kó lè kan dáadáa, kí omi ara rẹ̀ sì ro tán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á kù ú nínú ajọ̀, kó tó dé orí agbada. A kì í fi epo sí i. Ó funfun, ó kúnná, ó sì kan; ìdí nìyẹn tí àwọn ará Èkó fi ń wá a wá. Gbogbo iṣẹ́ yẹn ló ní ọjọ́ tirẹ̀, ọjọ́ ọjà sì ni gbogbo rẹ̀ ń forí lé. Gàárì tí kò bá dé ọjà lọ́jọ́ ọjà, ó di ọjọ́ ọjà mìíràn kó tó di owó.

Mo bá ọmọbìnrin náà nídìí agbada. Yunifọ́ọ̀mù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó kàn ró ìró ìyá rẹ̀ lé e lórí. Ó jókòó sórí àpótí, èéfín ń fẹ́ sí i lójú, ó sì ń fi àkúfọ́ igbá da gàárì síhìn-ín sọ́hùn-ún kó má baà jóná. Ọwọ́ òsì ló fi ń ṣe é. Ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ojoojúmọ́ ni mo ń rí i tó ń kọ̀wé. Ọwọ́ ọ̀tún yẹn wà lórí itan rẹ̀, ó ṣí i sílẹ̀ sókè, ó ń fi atẹ́gùn fẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sílẹ̀ lórí ọ̀kadà pé n ó sọ fún ìyá rẹ̀ pòórá lẹ́nu mi.

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí mi. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀ o, tíṣà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ó ti sọ fún mi. Èmi ni kí ẹ nà, kì í ṣe òun."

Mo ní, "Ẹ dìde, Màmá."

Kò dìde. Ó ní, "Ọ̀la lọjà, tíṣà. Mọ́tò àwọn ará Èkó kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹnì kan á yan, ẹnì kan á kù, ẹnì kan á wọ̀n ọ́n sí àpò. Èmi nìkan nìyí. Àbúrò rẹ̀ ṣì kéré. Bí mo bá fi í sílẹ̀ fún un yín lọ́la, owó ìwé tí ẹ ní ká mú wá, ọwọ́ ta ni n ó ti rí i?"

Mi ò ní ìdáhùn. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni orúkọ rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwé, yunifọ́ọ̀mù, owó ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, kò sí èyí tí kì í jáde láti inú àpò gàárì yẹn. Mo bẹ ìyá náà kó dìde, mo kí wọn kú iṣẹ́, mo sì padà sílé. Ọ̀rọ̀ méjì yẹn ló ń dún létí mi: ọ̀la lọjà.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sí iná. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi, mo ṣí rẹ́jísítà kíláàsì wọn. Fún ẹni tí kò rí i rí: ìlà kan ni fún ọmọ kan, àpótí kékeré kan fún ọjọ́ kan. Ọmọ tó bá wá láàárọ̀, a fa igi kan. Tó bá ṣì wà lọ́sàn-án, a fa òmíràn dábùú rẹ̀. Ẹni tí kò bá wá, a kọ òdo. Ó pẹ́ tí mo ti ń kọ àwọn òdo rẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n pọ̀. Ohun tí mi ò wò rí ni bí wọ́n ṣe tò.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, òdo lọ́jọ́ Ajé, òdo lọ́jọ́ Ẹtì. Ọ̀sẹ̀ kejì, òdo lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ọ̀sẹ̀ kẹta, Ọjọ́rú. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, Ọjọ́bọ̀. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, Ajé àti Ẹtì lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tò bí àtẹ̀gùn lójú ìwé náà, kò sí ọ̀kan tó yẹ̀. Ọmọ tí mo pè ní ìsáǹsá, ọmọ tí mo sọ pé ó ń wá sílé ìwé bó ṣe wù ú, kò sí ẹni tó ń pa àdéhùn mọ́ tó o nínú gbogbo kíláàsì. Àdéhùn ọjà ló ń pa mọ́.

Ọjà ọrọọrún ni ọjà wọn. Bí àwọn baba wa ṣe ń ka ọjọ́, bí a bá ná ọjà lónìí, tí a ka òní mọ́ ọn, ní ọjọ́ karùn-ún ni a ó tún ná an. Lórí kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri wa, ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tí ilé ìwé ń lò, ọjọ́ méje ni. Mẹ́rin àti méje kì í tètè pàdé. Ó di ẹ̀yìn ọjọ́ 28 kí ọjà tó tún bọ́ sí ọjọ́ tó ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọjọ́ 28 yẹn, ìgbà méje ni wọ́n ná ọjà, ó sì kan ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀sẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Yọ Àbámẹ́ta àti Àìkú kúrò. Ó ku márùn-ún. Ọjọ́ 5 nínú 20 tí à ń ṣí ilé ìwé.

Olùkọ́ ìṣirò ni mí, síbẹ̀ ẹ̀rù bà mí láti parí ìṣirò yẹn. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni. Tẹ́ẹ̀mù ọlọ́sẹ̀ 12 jẹ́ ọjọ́ 60. Ọjọ́ 15 ti lọ nínú rẹ̀. Tẹ́ẹ̀mù mẹ́ta, ọjọ́ 45 nínú 180. Bí ọmọ bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ láti JSS1 títí dé SS3, ọjọ́ 270 ni yóò pàdánù, ìyẹn odindi ọdún kan àbọ̀. Lọ́jọ́ tó bá jókòó ṣe WAEC, ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin àbọ̀ ló wà lórí rẹ̀, ìwé ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì máa fún òun àti ọmọ tó lo ọdún mẹ́fà pé ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí ní Ṣàgámù. Mi ò tíì ka ọjọ́ tó ṣáájú ọjà, ọjọ́ tí wọ́n ń yan gàárì di òru, tí ọmọ á wá jókòó sí kíláàsì, tí ojú rẹ̀ á là sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò ní sí níbẹ̀.

Òun nìkan kọ́. Mo fi ìka tọ àwọn ìlà yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan títí tọ́ọ̀ṣì fi ń ṣẹ́jú. Àwọn tó ní àtẹ̀gùn yẹn ju mẹ́wàá lọ, ọmọbìnrin sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti ń fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ láìrí i. Ká ní ọjọ́ Ẹtì nìkan ni wọ́n ń sá ni, à bá ti mọ̀ tipẹ́. Nítorí pé ọjọ́ náà ń ṣípò ni gbogbo wa fi pè é ní ọ̀lẹ.

Nígbà tí mo bá ń gbọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ èsì ìdánwò ní orílẹ̀-èdè yìí, òru yẹn ni mo máa ń rántí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, WAEC kọ́kọ́ kéde pé ìdá 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó jókòó ló gba kírédíìtì márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò. Gbogbo ilé fọ́n sí ariwo. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, wọ́n ní àṣìṣe wà nínú bí wọ́n ṣe máàkì àwọn iṣẹ́ kan, ìdá náà sì di 62.96. Ariwo mìíràn tún sọ. Rédíò ń jiyàn, àwọn òbí ń jiyàn, olùkọ́ ń jiyàn. Mo tẹ́tí dáadáa, mi ò gbọ́ ẹnì kan tó béèrè pé ọjọ́ mélòó ni ọmọ kọ̀ọ̀kan rí lò kó tó jókòó síbi ìdánwò yẹn. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ (UBE) ti ọdún 2004 ní kí ọmọ lo ọdún mẹ́sàn-án nílé ìwé lọ́fẹ̀ẹ́ àti ní dandan, òfin tó dára ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ọjà ń mú lọ lọ́jọ́ kan nínú mẹ́rin, lójú òfin, ilé ìwé ló wà. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé. Wọ́n ti kà á.

Ẹ̀kọ́ tí ọmọ pàdánù lọ́jọ́ ọjà kì í sì dúró dè é. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ álíjẹ́bírà tuntun lọ́jọ́ Ajé tí kò sí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun di èdè àjèjì sí i. Á máa da ohun tí mo kọ sójú pátákó kọ, lẹ́tà rẹ̀ á dára, ìlà rẹ̀ á gún, kò sì ní yé e. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ìwé wọn rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣí i, ẹ ó rò pé ọmọ tó mọ̀wé ni.

Èdè tún wà níbẹ̀. Nínú ìdánwò tẹ́ẹ̀mù yẹn, mo béèrè pé oníṣòwò kan ra ọjà ní ₦24,000, ó sì tà á ní ₦21,600. Ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni àdánù rẹ̀? Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nínú WAEC. Ọmọbìnrin yẹn fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Lẹ́yìn ìdánwò, mo pè é jókòó. Mo ní, "Gbọ́. Ká ní ìyá rẹ ra ẹ̀gẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélógún náírà, ó yan án tán, ó dé ọjà, owó gàárì sì ti já, ó wá rí ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélógún àti ẹgbẹ̀ta gbà..." Mi ò tíì dé ìparí.

Ó ní, "Á ti fi ẹgbẹ̀rún méjì àti irinwó sí i, sà."

Mo ní, "Nínú ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan ńkọ́?"

"Ọgọ́rùn-ún náírà."

Kò mú bírò, kò ka ìka. Ọgọ́rùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún, mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Ìdáhùn tí mo ń wá ti wà lórí rẹ̀ láti ìgbà tó ti ń jókòó ti ìyá rẹ̀ lọ́jà. Òdo ni mo fún un nínú ìdánwò, òdo ni mo sì fún un nínú rẹ́jísítà.

Nílé, Ìjẹ̀bú ni wọ́n ń sọ. Yorùbá tó wà nínú ìwé, èdè kejì ni fún wọn, Gẹ̀ẹ́sì di ẹ̀kẹta. A tún ní àwọn ọmọ àgbàṣe nínú wọn, àwọn Ìgedé tí òbí wọn wá láti Benue, àwọn ọmọ Àgànyìn tó ń gbé abà nínú oko. Gẹ̀ẹ́sì lè jẹ́ ẹ̀kẹrin fún irú wọn. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ti dán an wò ní Ilé-Ifẹ̀: wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní iṣẹ́ gbogbo fún ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lágbedeméjì lọ. A ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà yẹn. Inú mi máa ń bàjẹ́ bí mo bá rántí pé a mọ̀ ọ́n.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ilé nìkan ni ẹrù yìí ti wá. Àwa olùkọ́ náà ń jí wákàtí gbé. Ìjẹ̀bú-Òde ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, owó ọkọ̀ ti di nǹkan tí owó oṣù kò lè gbé mọ́. Àwọn kan ń wá lọ́jọ́ mẹ́ta nínú márùn-ún. Mi ò lè dá wọn lẹ́bi pátápátá, mi ò sì lè dá wọn láre. Àgùnbánirọ̀ tí wọ́n bá fún wa, kò ní pẹ́ tó fi máa gba ìwé padà sí ìgboro. Òrùlé páànù wa kò ní àjà; bí òjò Ìjẹ̀bú bá bẹ̀rẹ̀, ohùn olùkọ́ kò lè dé orí ìjókòó kejì, ká kó ọwọ́ lérán ló kù. Àwọn ọmọkùnrin ń wo ọ̀nà Èkó, tàbí kí wọ́n máa wo tírélà igi gẹdú tó ń bọ̀ láti J4 nínú igbó ọba, kí wọ́n sì máa ṣírò owó ojúmọ́ ẹni tó ń bá wọn já a.

Ní Rẹ́mọ tiwa níbẹ̀, Ìkẹ́nnẹ́ kò jìnnà sí Ìṣarà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ẹni tí ìjọba rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955. Ibẹ̀ náà ni Táí Ṣólàárín àti ìyàwó rẹ̀ Sheila ti dá Mayflower sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 1956. Gbogbo ẹni tó bá dàgbà ní àdúgbò wa ló mọ̀ pé àwọn ọmọ Mayflower ń ro oko, wọ́n ń sin ẹran, wọ́n ń da kọnkéré. Mo ti ń ronú lórí ìyẹn púpọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ kò ba ẹ̀kọ́ wọn jẹ́, nítorí ilé ìwé fúnra rẹ̀ ló fún iṣẹ́ náà ní wákàtí tirẹ̀, ó sì fún ìwé ní tirẹ̀. Iṣẹ́ àwọn ọmọ tèmi kò ní àyè nínú táìmù-tébù, nítorí náà ó ń wá gba àyè ara rẹ̀ tipátipá.

Ìyẹn ni mo gbé lọ bá ọ̀gá ilé ìwé wa. Mo fi rẹ́jísítà hàn án, mo fi bírò pupa so àwọn òdo náà pọ̀. Ó wò ó pẹ́. Ó kọ́kọ́ ní a ò lè máa yí táìmù-tébù kiri bó ṣe wù wá. Lọ́jọ́ kẹta ó ránṣẹ́ pè mí, ó ní ká gbìyànjú rẹ̀ fún tẹ́ẹ̀mù kan. A kọ gbogbo ọjọ́ ọjà sára kàlẹ́ńdà tẹ́ẹ̀mù. Lọ́jọ́ tó bá jẹ́ ọjọ́ ọjà, a kì í bẹ̀rẹ̀ orí tuntun ní Ìṣirò tàbí Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ àtúnyẹ̀wò, eré ìdárayá àti iṣẹ́ oko ilé ìwé la fi sí i. Lọ́jọ́ kejì ọjà, tí agbada máa ń tutù, tí ìyá kò ní iṣẹ́ fún ọmọ, a jókòó títí di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, a sì ṣe ohun tó fò wọ́n ru. Kò sí owó lẹ́sìnnì lórí rẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù, àwọn ìyá ló mú un wá. A pe ìpàdé, mo ṣàlàyé ọdún kan àbọ̀ yẹn fún wọn bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹ̀yin náà. Gbogbo yàrá dákẹ́ rọ́rọ́. Ìyá kan dìde, ó ní ṣebí àáró la máa ń bá ara wa ṣe lóko nígbà tí àwa ṣì jẹ́ ọmọge, kí ló dé tí a ò lè máa bá ara wa ṣàáró gàárì? Wọ́n wá pín ara wọn sí mẹ́rin mẹ́rin, wọ́n ń lọ láti ìdí agbada kan sí òmíràn, kí ó má baà di dandan kí ọmọ ilé kọ̀ọ̀kan dúró. Àwọn kan bá ara wọn jà lórí ẹ̀gẹ́ tó pọ̀ ju ti ara wọn, wọ́n sì túká. Àwọn kan ṣì ń ṣe é títí dòní.

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà. Kò rọrùn fún mi. Olùkọ́ kì í sábà bẹ akẹ́kọ̀ọ́ níbi tí a wà, mi ò sì rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún èmi nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Mo pè é sábẹ́ igi máńgòrò, mo ní, "Mo nà ọ́ láìbéèrè. Má bínú." Ó wolẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ ha iyanrìn. Ó ní, "Ó ti tán, sà." Láti ọjọ́ yẹn, mi ò na ọmọ kankan mọ́ nítorí pé kò wá sílé ìwé. Mo máa ń béèrè ibi tó lọ.

Ó jókòó ṣe WAEC ní ọdún 2024. Ìṣirò, C5. Mo gbé fóònù náà sétí mi, mo ní kó tún un kà. C5. Yorùbá, B3. Àgíríkì, B3. Gẹ̀ẹ́sì, E8. Láìsí Gẹ̀ẹ́sì yẹn, kò lè wọ ibi tó ń fẹ́ lọ, ní yunifásítì ẹ̀kọ́ Táí Ṣólàárín tó wà ní Ìjagun níbẹ̀, kó lè di olùkọ́. Ó tún un ṣe, ó di D7. Òṣùwọ̀n kan ṣoṣo ló kù kó di kírédíìtì. Ó ti fi orúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì ń wá sọ́dọ̀ ìyàwó mi lọ́jọ́ kejì ọjà kọ̀ọ̀kan láti ka àyọkà. Ó máa ń gbé gàárì kóńgò kan dání. Ìyàwó mi kì í fẹ́ gbà á, ọmọ náà kì í sì í gbà kí á má gbà á.

Àbúrò rẹ̀ tó kéré nígbà yẹn ti wà ní JSS2 báyìí, kíláàsì mi ló wà. Lópin tẹ́ẹ̀mù tó kọjá, mo ṣí rẹ́jísítà sí ìlà tirẹ̀, mo sì wá àtẹ̀gùn yẹn. Ajé ọjọ́ ọjà, igi méjì. Ẹtì ọjọ́ ọjà, igi méjì. Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, igi méjì méjì, láti ọ̀sẹ̀ kìíní dé ìkejìlá. Kò sí òdo kan. Inú mi dùn dé góńgó. Mo pè é, mo yìn ín, mo ní ìyá rẹ̀ mà gbìyànjú o.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni, sà. Òun ló ní kí n máa lọ. Ó ní òun á dúró ti agbada."